Ẹ́dífóònù Tí Mo Wá Dé Ẹ̀pẹ́

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ ní Ọjọ́rú yẹn tí mo fi gbé báàgì kọ́ èjìká, tí mo jáde nílé wa ní Ìtàmágà, ní Ìkòròdú. Ẹ̀yin ará ilé mi ní Ìkirè, ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹni tó bá ti ń gbé Èkó ti rí gbogbo Èkó tán, ìrìn àjò ọjọ́ kan ni mo fẹ́ sọ fún yín. Kò jìnnà. Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ ni, inú Ìpínlẹ̀ Èkó kan náà ni méjèèjì wà, mo sì padà sílé kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe lọ kọ́ ni mo ṣe bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in níbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, torí tó bá yá, ẹ̀rín á wọ́n.

Èmi àti Bàbá Bọ́lá, ọkọ mi, la jọ jáde. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni, Erékùṣù Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo ọkùnrin ẹ̀sìtéètì wa ló sì máa ń jáde lásìkò bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú táì lọ́rùn àti oorun lójú. Nígbà tí a dé oríta tí a ti fẹ́ pínyà, ó dúró.

“Ìyá Bọ́lá, èyí ló gbẹ̀yìn o. Tí ti Ẹ̀pẹ́ yìí náà ò bá ṣe é, jẹ́ ká ta kọ̀ǹpútà yẹn. Wá nǹkan mìíràn ṣe. Aṣọ ńkọ́? O lè máa ta aṣọ.”

“Kí ẹ̀yin náà fiṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ lọ máa ta aṣọ,” mo dá a lóhùn.

Kò bínú. Ó wò mí díẹ̀, ó ní kí n lọ re kí n bọ̀ re, ó sì wọkọ̀ tirẹ̀ lọ. Èmi ni inú bí. Bí ènìyàn bá fẹ́ bá mi jà, kó bá mi jà dáadáa, kó má fi mí sílẹ̀ sójú títì kí n máa bá ara mi jà.

Mo gun ọ̀kadà dé gáréèjì ní ọgbọ̀n náírà. Ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, mọ́tò kékeré tó ti gbó, tí wọ́n fi okùn so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kan. Èrò méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mẹ́rin lẹ́yìn. Lọ́dọ̀ wa ní Ìkirè, mẹ́ta ni ẹ̀yìn irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ń gbà, ẹni kẹrin á sì bẹ̀bẹ̀ kó tó wọlé. Níhìn-ín, bí ẹnì kan bá ní àyè ò sí, awakọ̀ á ní kó súnra kì, Ọlọ́run ló ń fún èèyàn láyè. Igba náírà ó lé àádọ́ta ni mo san. Mo mú ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ọ̀tún. Ìyá kan tó gbé agbọ̀n òfìfo lé itan jókòó sí òsì mi. A wá ń dúró kí ọkọ̀ kún. Kó tó kún, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ́dífóònù ni mo ń lọ rà. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ohun èlò kan ni tí wọ́n ń dé sórí, tó ní abala méjì tó ń bo etí méjèèjì, tí wáyà rẹ̀ sì ń wọnú rédíò tàbí kọ̀ǹpútà. Mi ò fi ṣe fáàrí o. Iṣẹ́ ni mo fi ń ṣe. Orin ni mo ń pò nílé. Àwọn akọrin á lọ gba ohùn wọn sílẹ̀, ohùn olórí lọ́tọ̀, ti elégbè lọ́tọ̀, dùùrù lọ́tọ̀, ìlù lọ́tọ̀. Wọ́n á kó o wá bá mi lórí síìdì. Èmi á wá jókòó ti kọ̀ǹpútà nínú yàrá wa, màá máa dà wọ́n pọ̀ bí ẹni ń se ọbẹ̀, kí ìlù má baà bo ohùn mọ́lẹ̀, kí ọ̀tún má sì pariwo ju òsì lọ. Etí ni gbogbo iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Nígbà tí ohùn bá jókòó síbi tó yẹ kó jókòó sí, ara mi a máa gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan, iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá bá mi. Èyí tó dùn mí jù ni ti Alhájà Sìdíkátù, ìyá ẹlẹ́ja kan ní Ìbẹṣẹ̀ létí ọ̀sà, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àsàlátù àwọn obìnrin níbẹ̀. Wọ́n kọrin tó dùn, wọ́n gbé e fún mi, mo pò ó, mo fi ránṣẹ́. Alhájà fúnra wọn ló gbé e padà wá.

“Ìyá Bọ́lá, kí la ṣe fún ọ?” wọ́n ní. “Gbogbo wa lo rọ́ sí sípíkà òsì. Ọ̀tún dá wáí. Ó dà bí ọkọ̀ ojú omi tí gbogbo èrò inú rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dé èbúté o, rírì ló ń rì.”

Mo tún un ṣe. Wọ́n tún gbé e padà. Wọ́n ní tó bá di Jímọ̀ tí kò bá tíì tọ́, àwọn á gbé e lọ fún ọkùnrin kan tó ṣí ilé iṣẹ́ orin sí ọ̀nà Ṣàgámù. Ẹ sì mọ̀ pé bí Alhájà bá lọ, gbogbo Ìbẹṣẹ̀ á tẹ̀ lé wọn, torí àwọn ló ń júwe mi fún ènìyàn. Bí iṣẹ́ náà ṣe máa parí mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ọ̀túnla ọjọ́ tí mò ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ yìí sì ni Jímọ̀ náà.

Mo mọ ohun tó fà á. Bí mo bá dé ẹ́dífóònù mi, apá òsì rẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ni èmi náà á bá gbé òsì orin sókè kó lè bá ọ̀tún dọ́gba. Ẹ́dífóònù ló kú lápá kan. Mo lọ ra òmíràn lójà Ìtàmágà ní ẹgbẹ̀rin náírà. Mo délé, òsì ò dún dáadáa. Mo ra ti ẹgbẹ̀rún kan náírà. Òsì náà ni. Ẹ gbà mí, ẹ̀yin èèyàn mi! Ọjà tí mo ti dán wò kí n tó sanwó!

Bí wọ́n ṣe ń dán an wò lójà wa rèé. Ọlọ́jà ò ní jẹ́ kí o dé e sórí, torí òróró irun. Á ki wáyà rẹ̀ bọ rédíò, á yí i sókè, á na abala kan sí ọ, ìwọ á gbé e sétí bí ẹni ń dáhùn fóònù. Lẹ́yìn náà á na abala kejì sí ọ, wàá tún gbé e sí etí kan náà. Méjèèjì dún, o sanwó, ó dì í sínú ọ̀rá dúdú, ó parí. Ta ni kò mọ àwọn ọlọ́jà Èkó? Mo ní wọ́n ti pa á dà mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ọ̀rá. Mo padà lọ, mo já bọ́tìnnì ọkùnrin náà ní ìṣọ̀ rẹ̀. Ó fi Ọlọ́run búra, ó fi ọmọ rẹ̀ búra. Ẹ̀kẹta tí mo rà, mi ò jẹ́ kó wọ ọ̀rá rárá, ọwọ́ ni mo fi gbé e délé. Síbẹ̀ náà, òsì ò gbé ohùn. Mo ní ayédèrú ni, ọjà ayédèrú kì í rìn jìnnà kó tó kú.

Ìgbà náà ni ẹni tó ń bá mi da orin sórí síìdì sọ fún mi pé bàbá kan wà ní Ẹ̀pẹ́, tó ti ń ta gìtá rí pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan tó ti tú ká, tó fẹ́ ta àwọn ohun èlò rẹ̀. Ó ní ẹ́dífóònù gidi wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún náírà ní tuntun. Àlòkù ni, bàbá náà á dín owó rẹ̀ kù. Inú ilé rẹ̀ ni màá ti dán an wò, lórí àga, kò sí ọ̀rá dúdú, kò sí pé ẹnì kan ń tì mí lójà. Ìrètí mi tó kù nìyẹn.

Ọkọ̀ kún. A gbéra.

Ọ̀nà náà dára dé ibì kan, ibi tó dára sí náà ló ti bàjẹ́. Ọ̀dà á lọ gbọọrọ, lójijì ni kòtò á gbé mọ́tò mì, gbogbo wa á sì pe Ọlọ́run lórúkọ tí kálukú mọ̀ ọ́n sí. Nígbà tí a súnmọ́ Ìmọ́tà, ilé dín kù, oko ló kù: gbágùúdá, àgbàdo, ilẹ̀ àkùrọ̀ tó ń dán nínú ìrì. Afẹ́fẹ́ fèrèsé ń fẹ́ sí mi létí. Mo ń ronú orin Alhájà.

Lójijì ni ìyá alágbọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pòṣé, ó sì kígbe sí awakọ̀.

“Ẹ ò rí àwọn alákọ̀wé yìí? Láti gáréèjì ni mo ti ń kí i. Mo kí i, mo tún un kí. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.”

Mo yíjú sí i. “Èmi lẹ ń bá wí?”

“Ìwọ kọ́? Ṣé agbọ̀n ni mo ń kí ni?”

“Ẹ má bínú, ìyá, mi ò gbọ́. Ariwo ọkọ̀ ni.”

“Ariwo ọkọ̀! Gbogbo wa kọ́ la jọ wà nínú ọkọ̀ ni?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi,” awakọ̀ ní, “ẹ jẹ́ ká délé ká tó jà. Ọ̀nà yìí nìkan tó mi í bá jà.”

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, inú sì tún bí mi. Ọmọ Ìkirè ni mí, wọn kì í kọ́ wa ní àìkíni. Mo bá yẹ̀ ẹ́ wò nínú ọkàn mi, mo ní àwọn ìyá kan wà tí wọ́n máa ń kíni sínú, tí wọ́n á wá máa retí kí wọ́n dá wọn lóhùn.

Ní Ìtóìkín, lẹ́bàá afárá, ọkọ̀ dúró, àwọn ọlọ́jà sì ya bò wá. Ní Ìkirè, dòdò ni wọ́n á na sí ọ lójú fèrèsé. Níbẹ̀, ẹja yíyan ni, tí wọ́n ká bí òrùka sórí igi, àti akàn tó ṣì ń ju ẹsẹ̀, àti ìgbín tó tó ìkúùkù ọkùnrin. Igi ẹja kan jẹ́ igba náírà. Ìyá alágbọ̀n ná an sí àádọ́jọ, wọ́n fún un. Èmi ò ra nǹkan kan. Mo di owó ẹ́dífóònù mọ́ inú ìró bí ìyá tó di ọmọ.

Ẹ̀pẹ́ méjì ló wà nínú Ẹ̀pẹ́ kan, ìyẹn ni mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Awakọ̀ bi mí bóyá Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ni mò ń lọ tàbí Èkó-Ẹ̀pẹ́. Mo ní Ẹ̀pẹ́ ni mò ń lọ. Ó mí kanlẹ̀, ó sọ mí kalẹ̀ lójú ọ̀nà, ó fà mí lé ọlọ́kadà kan lọ́wọ́. Ogójì náírà ló gbà lọ́wọ́ mi, ó gbé mi sọ̀ kalẹ̀ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí o ti lè rí ọ̀sà nísàlẹ̀, tó funfun bí ẹ̀kọ nínú oòrùn àárọ̀. Òórùn èéfín ẹja gba gbogbo àdúgbò. Mo kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n júwe fún mi.

“Lèsí?” ohùn obìnrin kan dún láti inú ilé. Bí wọ́n ṣe ń sọ “Ta ni?” níbẹ̀ nìyẹn.

“Èmi ni, mà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìkòròdú nítorí ẹ́dífóònù.”

Màmá Kúnlé ló ṣílẹ̀kùn, obìnrin tó sanra, tó ní ẹ̀rín lẹ́nu. Ọkọ wọn, Bàbá Kúnlé, onígìtá náà, jókòó sínú pálọ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò penpe àti fìlà aláwọ̀ aró. Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọjà. Àfi kí n kọ́kọ́ jẹun. Lọ́dọ̀ wa, omi ni a kọ́kọ́ ń gbé fún àlejò, a ó sì wò ó bóyá ó ní ebi lójú. Níbẹ̀, abọ́ ni wọ́n gbé síwájú mi kí n tó jókòó tán. Ìkọ́kọrẹ́ ni, ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n sè pẹ̀lú epo àti ẹja. Ìyá mi ì bá pè é ní àsáró tí òjò pa. Ṣùgbọ́n ó dùn! Mo lá àwo náà mọ́, Màmá Kúnlé sì ń wò mí tìfẹ́tìfẹ́.

Lẹ́yìn náà ni bàbá gbé páálí kan jáde. Ẹ́dífóònù méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú. Wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀, bàbá yẹn, wọ́n sì fẹ́ràn ohùn ara wọn.

“Èyí pupa yìí,” wọ́n ní, “bí o bá dé e, ìlù rẹ̀ á máa lu ọ́ láyà. Gbogbo orin ló ń dùn nínú rẹ̀, títí kan èyí tí kò dára. Irọ́ ló ń pa. Ẹni tó ń po orin tó lo irú rẹ̀, á rò pé iṣẹ́ ti parí, tó bá gbé e síta, á gbọ́ èébú. Èyí dúdú yìí kò dùn. Bí orin bá ṣe wà ló ṣe máa sọ ọ́. Òun ni kí o mú. Ní ayé ìgbà tí mò ń ta gìtá, àwọn ọmọge...”

“Ẹ jẹ́ kó dán an wò,” ìyàwó wọn ní.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí fún ẹni tó bá ń wá ọ̀kan tí kò wọ́n, torí òótọ́ ni bàbá sọ. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń polówó ìlù rẹ̀. Kí tìmùtìmù tó bo etí rọ̀, kí ó sì bò ó tán, kí ariwo jẹnẹrétọ̀ má baà wọlé. Kí wáyà rẹ̀ nípọn, kó ṣe é yọ. Kí ẹ sì dé e fún ìgbà pípẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó sanwó, nítorí èyí tó ń fún orí ní wákàtí kan á di ọ̀tá ní ọjọ́ kejì. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni wọ́n pè é. Mo ná an sí mẹ́rin. A jọ parí rẹ̀ sí mẹ́fà, inú àwa méjèèjì sì dùn.

Mo mú síìdì Alhájà jáde nínú báàgì, bàbá fi í sínú ẹ̀rọ wọn. Mo dé ẹ́dífóònù dúdú náà sórí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí màá dé ọ̀kan lójú ẹni tó fẹ́ tà á fún mi. Ohùn Alhájà wọlé. Ẹ wò ó, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí láàárín ọ̀rọ̀! Mo gbọ́ èékánná lára ìlù. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi.

Ó wá dé ibi tí àwọn elégbè ti wọlé. Ọ̀tún mọ́ gaara. Òsì ń sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Mo já a kúrò lórí. Gbogbo owó ọkọ̀, gbogbo àìsùn, gbogbo ẹ̀sín Ìtàmágà ló gun orí mi lẹ́ẹ̀kan náà.

“Bàbá, ẹ̀yin náà! Òkú lẹ fẹ́ tà fún mi. Apá kan rẹ̀ ti kú!”

Bàbá Kúnlé dìde. “Ta ló ń ta òkú? Èmi? Ní ọjọ́ orí mi yìí, kí ọmọdé wá jókòó sínú ilé mi, kó jẹ ìkọ́kọrẹ́ mi tán, kó ní òkú ni mò ń tà?”

“Ẹ fara balẹ̀,” Màmá Kúnlé ní. Wọ́n gba ẹ́dífóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n dé e. Wọ́n tẹ́tí. Orí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. “Ọmọ mi, méjèèjì ń dún. Òsì tilẹ̀ ń pariwo jù, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ya mí létí.”

Ọ̀rọ̀ Alhájà gan-an nìyẹn, láti ẹnu ẹni tí kò mọ Alhájà rí.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní pupa. Mo dé e. Òsì ò gbé ohùn. Mo tún mú dúdú. Mi ò mọ ohun tó sọ sí mi nínú, mo kàn yí i padà ni, mo gbé abala ọ̀tún sí etí òsì, mo gbé abala òsì sí etí ọ̀tún.

Ibi tó ti ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ ò kúrò níbi tó wà. Abala tó ń pariwo tẹ́lẹ̀ ló ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ báyìí, lórí etí òsì mi. Èyí tí mo pè ní òkú ń ké rara ní ọ̀tún.

Mo tún un yí. Mo tún un yí padà. Àwọn ẹ́dífóònù wọ̀nyẹn ò ṣe nǹkan kan. Àwọn ọlọ́jà Ìtàmágà ò pa nǹkan kan dà. Etí mi ni.

Mo gbé! Bàbá Kúnlé rọra jókòó padà. Màmá Kúnlé wá kúnlẹ̀ tì mí, wọ́n ní bóyá ìdọ̀tí ni, àwọn á yọ́ òróró àgbọn sí i, á sì là. Mo gbà kí wọ́n ṣe é. Mo fi orí lé wọn lẹ́sẹ̀ bí ọmọdé, mo sì ń gbàdúrà pé, Olúwa, jẹ́ kó jẹ́ ìdọ̀tí, jẹ́ kó jẹ́ ìdọ̀tí lásán. Wọ́n fi aṣọ mímọ́ nù ún. Aṣọ náà jáde ní mímọ́. Nígbà náà ni mo rántí pé ibà kan dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí etí yẹn ń hó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, tí mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà tó dákẹ́. Ó dákẹ́ lóòótọ́.

“O lè fi ọ̀tún nìkan ṣe é,” Bàbá Kúnlé ní, ohùn wọn ti rọ̀. “Gbọ́ apá kan, kí o yí i padà, kí o gbọ́ èkejì.”

“Bàbá, ẹ ṣeun.” Ẹni tó ń po orin gbọ́dọ̀ gbọ́ méjèèjì pa pọ̀ ni, kó lè mọ èyí tó wúwo ju èkejì. Àwọn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àánú mi ló ṣe wọ́n.

Mo ra ẹ́dífóònù náà. Ẹ má bi mí ìdí. Mo ti pe àgbàlagbà ní olè nínú ilé rẹ̀, mo ti jẹun rẹ̀, a ti ná ọjà tán. Ìtìjú ni mo san ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà fún. Màmá Kúnlé di ẹja yíyan méjì sínú ewé fún mi, wọ́n kọ̀ láti gbowó rẹ̀, wọ́n sì sìn mí dé ojú títì.

Mo wọ ọkọ̀ ìpadà. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé òsì ni mo lọ jókòó sí, kí ẹnikẹ́ni má baà wà lápá etí tí kò gbọ́ràn. Oòrùn ti mú. A tún gba Ìtóìkín kọjá, ẹja, akàn, ìgbín, ariwo kan náà. Lẹ́yìn Àgbówà, mo ṣe ohun tí mi ò yẹ kí n ṣe. Mo fi ìka di etí ọ̀tún mi.

Ọkọ̀ dákẹ́. Mọ́tò tó ń ké bí ẹran tí wọ́n fẹ́ pa dákẹ́ lójijì. Àṣé wúyẹ́wúyẹ́ tí mo ń gbọ́ lósì, etí ọ̀tún ló ń jí i gbọ́. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín, mo rí eyín wọn. Awakọ̀ ń yí ojú padà, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Gbogbo ayé ń lọ níwájú mi láìní ohùn. Mo yọ ìka mi kíákíá, mo sì sunkún dé Ìmọ́tà. Ẹni tó jókòó tì mí rò pé mò ń bọ̀ láti ibi òkú, ó kí mi kú ara fẹ́ra kù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irọ́ kọ́ ni mo pa fún un pátápátá.

Mo délé, mo dáná, mo gbé oúnjẹ fún Bọ́lá. Nígbà tí Bàbá Bọ́lá wọlé nírọ̀lẹ́, ó rí ẹ́dífóònù lórí tábìlì.

“O rí i rà. Ṣé ó dára?”

“Ó dára. Èmi ni mi ò dára.” Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo retí kó figbe ta. Ó bọ́ táì rẹ̀, ó jókòó sí ọ̀tún mi lórí ibùsùn, ó ń wo ilẹ̀.

“Mo rò pé o mọ̀,” ó ní.

“Mọ kí ni?”

“Pé o ò gbọ́ràn lápá yẹn. Láti ìgbà ibà yẹn ni. Bí mo bá pè ọ́ láti òsì, o kì í dáhùn. Èmi ti pààrọ̀ ibi tí mò ń sùn, o ò rí i ni? Mo rò pé o mọ̀, pé o ò kàn fẹ́ ká sọ ọ́. A kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á.”

Mo wò ó. “Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n máa bá ọlọ́jà jà! Ẹ jẹ́ kí n máa pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè!”

“Ìdí tí mo fi ní ká ta kọ̀ǹpútà nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí ará ìta ló máa sọ ọ́ fún ọ.”

Mo gbé ẹ́dífóònù dúdú náà dé e lórí, mo fi orin Alhájà sí i. Mo ní bóyá Ọlọ́run á fún mi ní etí ọkọ mi yá lò. Ó tẹ́tí, ó ń fẹsẹ̀ lulẹ̀.

“Ẹ̀gbẹ́ wo ni ohùn Alhájà wà?” mo bi í.

“Ẹ̀gbẹ́ kẹ̀? Ṣé orin ní ẹ̀gbẹ́ ni?” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fẹ́ tù mí nínú. “Ó dùn, Ìyá Bọ́lá. Gbogbo rẹ̀ ló dùn.”

Ẹni tó bá rìnrìn àjò gbọ́dọ̀ sọ ohun tó rí kọ́ fún àwọn ará ilé. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ènìyàn lè mọ ọjà yàn, kó mọ èyí tó ń parọ́ àti èyí tó ń sòótọ́, kó mọ bí wọ́n ṣe ń ná an wálẹ̀, kó má sì mọ ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀kọ́ tó dára ju ìyẹn lọ nínú rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi ò rí i.

Mo mú fóònù, mo pe Alhájà kí ọkàn mi tó yí padà.

“Alhájà, ẹ má bínú. Ẹ gbé orin yín lọ fún ọkùnrin ọ̀nà Ṣàgámù yẹn. Iṣẹ́ náà ti kọjá agbára mi. Etí mi kan ò gbọ́ràn mọ́.”

Mo ti ń retí “Háà!” Mo ti ń retí “Kí ló ṣẹlẹ̀?” Wọn ò sọ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀.

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi,” wọ́n ní. “Òsì ni, àbí?”

Mi ò tíì sọ ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ fún wọn.